Nígbà Tí Wọ́n Sọ Bàbá Mi Di Àlejò

Ràfíà, ọmọ ọmọ mi, ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò kàwé, mi ò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ lánàá, a sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Cheetham Hill, nílùú òyìnbó níbí, a fẹ́ ra ẹran, ni òórùn kọfí tí wọ́n ń yan pẹ̀lú atalẹ̀ bá gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan jáde. Mo dúró. Ràfíà ní, "Grandad, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?" Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń ro mí. Ọkùnrin tó ń yan kọfí yẹn, ará Omdurman ni, ní Sùdáànì. Ogun ló lé e débí. Omdurman yẹn náà ni wọ́n ti bí èmi. Ràfíà ò gbọ́ ọ rí. Ó ní kí n sọ ọ́, kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun náà lè mọ̀.

Ìwó ni bàbá mi àti ìyá mi ti gbéra, wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Láyé ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ni, lọ́rì ni, ọdún á máa gorí ọdún lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, owó ọ̀nà tán sí Omdurman. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alágbàfọ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó kan, pé táwọn bá ti rí owó ọkọ̀, àwọn á máa lọ. Wọn ò lọ. Wọ́n bí mi, wọ́n tún bí àbúrò mi.

Ilé alámọ̀ là ń gbé, ògiri rẹ̀ ga, àgbàlá rẹ̀ gbòòrò. Ìgbà mìíràn afẹ́fẹ́ á gbé yanrìn dé láti aṣálẹ̀, ọ̀sán gangan á ṣú dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi á máa wá àwọn ọmọ kiri, bàbá mi á ní kó kó aṣọ òyìnbó wọlé ná, pé àwọn ọmọ ṣeé wẹ̀. Hásánì télọ̀ ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbíkìr, ọmọ rẹ̀, lọ̀rẹ́ mi. Lárúbáwá lèmi àti ẹ̀ ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Inú ilé nìkan ni mo ti ń sọ Yorùbá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nìyí. Lóṣù ààwẹ̀, tí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á gbé ẹní rẹ̀ jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ pọ̀ síta, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé àwo tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá ń kọjá, ì báà gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n á dá a dúró pé kó wá ṣínu. Onílé ló máa ń mú búùtà, á bu omi sí àlejò lọ́wọ́, á ní kó jókòó. Àlejò kì í fọwọ́ kan búùtà. Bàbá mi fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ. Wọ́n á rìn jìnnà lọ sójú títì lọ fa àwọn èèyàn wá. Àkàrà ìyá mi ló wà nínú àwo tiwa, Bàbíkìr sì máa ń jẹ ẹ́ bíi pé ẹnì kan ń lé e bọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣèjọba ibẹ̀ nígbà yẹn, Íjíbítì náà di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Ó ti sú àwọn onílẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa ṣèjọba ara wọn. Lórí ẹní yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ méjì mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n tú síta, wọ́n ń pariwo pé Sùdáànì, tọmọ Sùdáànì ni. Èmi àti Bàbíkìr gorí ògiri. Bàbá mi wà láàárín wọn nínú jalabíà tí Hásánì rán fún wọn, wọ́n ń pariwo ju àwọn onílẹ̀ lọ. Èmi ò mọ̀ pé bàbá mi ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, òyìnbó ní kí bàbá mi má wá síbi iṣẹ́ mọ́, pé wọ́n rí wọn láàárín àwọn tó ń pariwo. Bàbá mi gbé áyọ́ọ̀nù wọn délé. Inú wọn ò bàjẹ́. Wọ́n ní, "Tí ilẹ̀ yìí bá ti di tiwa, iṣẹ́ á wá." Tiwa ni wọ́n wí. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lórí ẹní, gbogbo wọn ń yin bàbá mi. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní posọ́fíìsì wá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Takrúnì," bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa tá a ti apá ìwọ̀ oòrùn wá nìyẹn, "ilẹ̀ yìí á di tọmọ Sùdáànì láìpẹ́. Ìwọ wá ńkọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín.

Hásánì ní, "Fi í lọ́rùn sílẹ̀. Àlejò wa ni." Ire ló ní lọ́kàn.

Èrò ọ̀nà kan dé, bàbá mi dìde láti mú búùtà. Hásánì rọra gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Jókòó jàre. O ti ṣe tó. A ò ní jẹ́ kí àlejò wa máa ṣiṣẹ́."

Bó ṣe wá ń rí nírọ̀lẹ́ gbogbo nìyẹn. Ẹran tó dáa jù, iwájú bàbá mi ni. Wọ́n tún fi ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn. Ìyá mi ní, "Alájì, wọ́n mà ń ṣìkẹ́ yín."

Bàbá mi ní, "Wọn ò jẹ́ kí n bomi mọ́."

"Ṣé ìyà ló ń wù yín jẹ ni?"



Ibi tí bàbá mi bá ti wáṣẹ́ lọ, àwọn èèyàn ibẹ̀ á fún wọn ní tíì mu, wọ́n á bi wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ìgbà wo ni wọ́n ń lọ sílé. Nígbà tó yá, bàbá mi ní ká máa lọ sílé. Hásánì fúnra rẹ̀ ló bá wa wá lọ́rì tó ń lọ apá ìwọ̀ oòrùn. Bàbíkìr rò pé ọjọ́ díẹ̀ la fẹ́ lọ lò. Ó ní tí mo bá ń bọ̀, kí n mú ìrù ẹfọ̀n wá fóun. Mo ní ó dáa.

A ti dé Ìwó ká tó gbọ́ pé àwọn ọmọ Sùdáànì ti gba ìjọba wọn. Bàbá mi ní, "Alhamdulilahi," wọ́n ń bá aṣọ tí wọ́n ń lọ̀ lọ. Àwọn ọmọ Ìwó ń pè mí ní Lárúbáwá nítorí Yorùbá mi ò já gaara, a sì jọ ń jà. Àmọ́ àlejò tó bá dé sílé wa, bàbá mi á fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àwọn ará ilé sọ pé Mẹ́kà ti yí wọn lórí. Wọn ò ṣàlàyé fẹ́nì kan títí wọ́n fi kú. Èmi ò bi wọ́n, torí mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, Bùkọ́lá dé sọ́dọ̀ wa níbí, ní Harpurhey, ọmọ Abẹ́òkúta tó wá ṣe care work, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó, pé kó dúró títí á fi rílé. Ìyá Ràfíà ń gbé tíì fún un, ń gbé oúnjẹ fún un, "Jókòó, má dìde." Ọmọ náà ń jókòó sétí àga tòun ti kóòtù lọ́rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ní, "Bùkọ́lá, dìde, lọ gbé bin síta."

Ìyá Ràfíà wò mí. "Bàbá, àlejò ni o."

Garawa ìdọ̀tí bíi mélòó kan la ní níbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó o. Bùkọ́lá jáde, ó gbé èyí tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀ síta, ìdọ̀tí wa sì wà níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kejì. Àmọ́ nígbà tó wọlé, ó bọ́ kóòtù, ó ṣí fíríìjì fúnra rẹ̀, ó ní, "Ta ló mu mílíìkì tán?"

Àwọn tó gbajọba yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìròyìn ibẹ̀ ti sú mi gbọ́. Tí Bàbíkìr bá wà láyé, arúgbó bíi tèmi ni. Ó lè jẹ́ pé ogun ti gbé òun náà lọ sílé onílé níbì kan, kí wọ́n fi í jókòó sórí àga, kí wọ́n máa gbé tíì fún un. Mo ń ṣàdúà pé kẹ́nì kan rán an níṣẹ́.