Àpò Fúláwà Tí Wọn Ò Gbà Padà

"Má tíì pe Màmá. Inú rírun lásán ni."

Ohun tí Ràhámátù sọ gbẹ̀yìn fún Tawheed àbúrò rẹ̀ nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ ọ́ lẹ́nu fún ọjọ́ mẹ́rin. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti sin ín.

Ọdún mọ́kànlá ni Ràhámátù fi dín ṣinṣín tà lẹ́bàá títì Kọ́bapẹ́. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ní kí dírẹ́bà dúró nígbà mìíràn. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun wọn ṣúgà. Ó ní kọ́ńgò ò mọ adùn. Ahọ́n rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Á já díẹ̀ nínú fúláwà pípò tútù, á jù ú sẹ́nu, á dijú, á ní ó ku díẹ̀. Tawheed á ní, "Àǹtí, ẹ ó jẹ ọjà tán kí epo tó gbóná." Á sọ ẹyọ ṣinṣín kan lù ú.

Ohun tó pa á nìyẹn. Dókítà ní kòkòrò tí ojú kò rí ló wà nínú fúláwà tútù tó ń tọ́ wò. Àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ tiwọn, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Epo gbígbóná ti pa kòkòrò inú tiwọn.

Àbúdù, alábàárù ṣọ́ọ̀bù Alhaji Láwàlì tó ń ta fúláwà, ló tú àṣírí fún Tawheed. Ilé-iṣẹ́ tó lọ fúláwà náà ti kọ̀wé pé kòkòrò wà nínú rẹ̀, kí gbogbo oníṣòwò dá a padà. Alhaji kó àwọn àpò tí wọn ò tíì tú sínú ọkọ̀. Mẹ́ta tó ti tú, ilé-iṣẹ́ ní àwọn ò gbà. Mẹ́ta yẹn ló ń fi kọ́ńgò wọ̀n tà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ràhámátù rà níbẹ̀.

Tawheed fi ìbínú délé. Ọ̀la ni fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ta ló bá níwájú ìyá rẹ̀? Alhaji Láwàlì, pẹ̀lú abọ́ ńlá kan tó kún fún fúláwà, pé kí wọ́n fi dín pọ̀fù-pọ̀fù sàráà. Màmá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀.

Tawheed ò kí i. Màmá bi í bóyá wọ́n ti sin ẹ̀kọ́ ilé mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Alhaji, ṣé nínú èyí tí ẹ dá padà ni, àbí nínú èyí tí wọn ò gbà?"

Alhaji wolẹ̀. Ó ń ka tẹ̀súbáà. "Ọmọ mi, iná á pa á."

"Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò kí iná tó débẹ̀. Ẹ mọ̀, ẹ sì wọ̀n ọ́n fún un. Ẹ tún gbé e wá ká fi tọrọ àforíjìn fún un."

Ọwọ́ Màmá ṣì wà lókè. Ó rọra gbé e sọ̀kalẹ̀. Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé kádàrá ni, pé kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má fi Ọlọ́run bo ẹnu àpò yín," ni Màmá wí. "Ẹ máa lọ."

Ó lọ. Kò rántí abọ́ rẹ̀.

Tawheed gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé. Ó da fúláwà náà sí i, ó wa yẹ̀pẹ̀ lé e, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí adìẹ má baà tú u. Ó fa omi nínú kànga, ó fi ọṣẹ fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dojú rẹ̀ dé sórí òkúta. Ó tún gbé e, ó tún un fọ̀.