Mọ́tò Búrẹ́dì tí Kì í Fẹ́ Jí ní Àárọ̀ Mọ́ńdè

Búrẹ́dì ti ń tutù nínú mọ́tò, mọ́tò náà kò sì jí. Bí èmi àti ọ̀gá mi tó ń kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe bá wọn nìyẹn ní Ìkòsì ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, níwájú ilé tí Màmá Oníbúrẹ́dì ti ń yan búrẹ́dì. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ lérí. Bọ̀dá Làmídì tó jẹ́ dẹ́rẹ́bà wọn jókòó nídìí ọkọ̀, ó ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń lọ gìrì-gìrì-gìrì, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ohùn ẹni tí oorun ń gbé lọ, títí bátìrì fi kú pátápátá. Àwọn obìnrin tó máa ń bá mọ́tò náà lọ ta búrẹ́dì ní Mende àti Gbàgádà ti ń gbé igbá wọn, wọ́n fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Ọ̀kan nínú wọn wo Bọ̀dá Làmídì látòkè délẹ̀, ó pòṣé.

Ó ní, "Ẹni tó bá mu dísù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí ó wá ti mọ́tò lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Làmídì kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà mọ́. Láti Túsìdeè títí di Sátidé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò á jí. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni Màmá máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú gbogbo ará ilé wọn, mọ́tò á sinmi. Tó bá di Mọ́ńdè, kò ní jí. Kì í sì í ṣe gbogbo Mọ́ńdè o. Òmíràn wà tí á jí wọ́ọ́rọ́wọ́, èyí ló tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rújú. Bọ̀dá Làmídì ní tirẹ̀, mùsùlùmí ni, yàrá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Gbogbo ilé ti pa á pọ̀ lọ́kàn wọn pé bí àwọn bá ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń fa dísù, epo mọ́tò náà, tà.

Ẹni tó fìdí ọ̀rọ̀ yẹn múlẹ̀ ni ọ̀gá mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò pẹtiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì dísù máa ń fún mọ́ra nínú ikùn ara rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná janjan, ìgbà náà ni pọ́ńpù yóò wá tú dísù sí i, tí iná á ràn. Nítorí náà dísù gbọ́dọ̀ kún inú páìpù láti táńkì dé ọ̀dọ̀ pọ́ńpù, kò gbọdọ̀ sí àlàfo kankan. Bí afẹ́fẹ́ bá kó sínú páìpù, afẹ́fẹ́ ni pọ́ńpù á máa gbá, kò ní rí dísù tú síbi kankan. Ẹ lè yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó tú ìdè kékeré kan lórí fílítà tó ń sẹ́ epo, a ó máa fi ọwọ́ pọ́ńpù ú, ìfófòó á kọ́kọ́ máa jáde, lẹ́yìn náà dísù tó mọ́ gaara á tẹ̀lé e. Nígbà náà la ó dè é padà.

Ohun tí a ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà nìyẹn, a sì ti mọ́tò náà nítorí bátìrì tó ti kú. Mọ́tò jí. Ọ̀gá mi nu ọwọ́ wọn, wọ́n wo Màmá, wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ kì í ṣàdédé wọnú páìpù. Ẹnì kan ló ń tú páìpù yìí." Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá Làmídì ni wọ́n kàn wò. Màmá ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá ni àwọn máa pè.

Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ènìyàn tí ọ̀gá mi jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni wọ́n. Ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú ní Kétu ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, lábẹ́ igi ọ̀pẹ àti páànù mélòó kan. Lásìkò ogun àwọn òyìnbó tó kọjá, nígbà tí ohun èlò mọ́tò kò wọlé mọ́, tí lọ́rì ń kú sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀gá mi ló ronú kan awọ. Wáṣà ni òrùka pẹlẹbẹ tí a máa ń fi sí àárín irin méjì níbi tí páìpù ti so pọ̀, kí ó má baà jò. Bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀gá mi gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, wọ́n gé awọ rẹ̀ róbótó, wọ́n rẹ ẹ́ sínú epo ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì fi dípò bàbà. Lọ́rì gbéra. Láti ìgbà náà, tí awakọ̀ kan bá ní ìṣòro láti Mile 12 wá, wọ́n á ní kí ó lọ bá Ọ̀gá Aláwọ. Ogun parí, bàbà tún dé sí ọjà, wọn ò padà sí bàbà mọ́. Awọ yẹn ni orúkọ wọn.

Àwọn ló kọ́ mi láti gé e. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, àwọn ni wọ́n gbà mí, tí wọ́n ń bọ́ mi. Tí mo bá gé awọ wọ́, wọ́n á fi ẹ̀yìn sípánà kàn mí lórí pẹ́pẹ́, wọ́n á ní, "Ṣé òrùka ìyàwó rẹ lò ń gé ni, tó fi tóbi báyìí?" Nígbà ọ̀rọ̀ mọ́tò búrẹ́dì yìí, èmi ni àgbà nínú ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nípa fíríìdọ́ọ̀mù mi, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń pe àwọn mẹkáníìkì àdúgbò jọ, tí yóò gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́, tí yóò sọ lójú gbogbo wọn pé ó ti mọṣẹ́. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá ṣe èyí fún, olè ni wọ́n ń pè é nínú iṣẹ́ wa.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo rántí ìgbà tí mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ ìjọ̀ngbọ̀n. A ti tú fílítà rẹ̀ fọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wáṣà bàbà tó wà lórí rẹ̀ sì ti tẹ́, Ọ̀gá ní kí n gé awọ sí i. Mo gé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mọ́ńdè di wàhálà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí mo bá ń jẹun, bí mo bá dùbúlẹ̀. Awọ máa ń wú bí ó bá rin, bí ó bá gbẹ, á sún kì. Bí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, dísù á mú awọ rin, á di ojú páìpù pinpin. Bí mọ́tò bá sinmi nínú oòrùn, awọ á gbẹ, afẹ́fẹ́ á yọ́ wọlé, dísù á sì ṣàn padà lọ sí táńkì. Bí òjò bá rọ̀ ní Sọ́ńdè, awọ kò ní gbẹ tó bẹ́ẹ̀, mọ́tò á jí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo Mọ́ńdè.

Mo rọra dá a lábàá fún Ọ̀gá pé bóyá kí a fi bàbà sí ti dísù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní awọ tó gbé lọ́rì la ogun já, ṣé mọ́tò búrẹ́dì ló máa bì í ṣubú?

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, nígbà tí Bọ̀dá Làmídì gbé mọ́tò wá kí a wo bíréèkì, mo fi gírísì tó ki bo ojú ibi tí awọ wà yíká, kí afẹ́fẹ́ má rí ọ̀nà wọlé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Mọ́ńdè, lẹ́yìn oòrùn Sọ́ńdè tó mú janjan, mọ́tò jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú mi dùn, àṣé mo ti dá kún ẹ̀sùn aláìṣẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹ ò rí i? Olè ti gbọ́ orúkọ ọlọ́pàá." Gbogbo ènìyàn gbà pé ẹ̀rí ti dé. Bọ̀dá Làmídì gbé mọ́tò wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí táyà, ó ní, "Jímọ̀, nígbà tí kò jí, èmi ni olè. Nígbà tó jí, èmi náà ni olè. Kí ni kí n wá ṣe?"

Mo nu gírísì yẹn kúrò lójú páìpù, kí ìjọ̀ngbọ̀n mọ́tò náà lè tún fojú hàn, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Màmá, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí mọ́tò sùn ní ṣọ́ọ̀bù wa láti Sátidé, kí Bọ̀dá Làmídì lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìkòròdú, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ọ̀gá gbà kíákíá, nítorí wọ́n rò pé olè la fẹ́ mú.

Mọ́ńdè dé. Màmá wá, àwọn obìnrin oníbúrẹ́dì tẹ̀lé wọn. Bọ̀dá Làmídì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì tó gbé e ti Ìkòròdú bọ̀. Ọ̀gá fúnra wọn ló jókòó, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Gìrì-gìrì-gìrì. Wọ́n tún yí i. Kò jí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní Làmídì gbọ́dọ̀ ti ṣe nǹkan sí i kí ó tó lọ ní Sátidé. Màmá sì yíjú sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà pé kí ó lọ pe ọlọ́pàá.

Mo mú sípánà. Mo tú ojú páìpù náà, mo yọ awọ yẹn, ó ti gbẹ, etí rẹ̀ kan ti sán. Mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá. Mo ní, "Màmá, ẹ wo ohun tó ń fa dísù yín padà."

Ọ̀gá ní, "Jímọ̀, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá."

"Ta ló gé awọ yẹn?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e."

"Irú awọ yìí ló gbé lọ́rì nígbà ogun, nígbà tí ìyá rẹ ṣì ń gbé ẹ pọ̀n."

Mo ní, "Lọ́rì pẹtiróòlù ni, dísù kò fẹ́ ẹ. Ogun sì ti parí, Ọ̀gá."

Àwọn obìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ kó padà sẹ́nu wọn títí dòní. Mo rí i bó ṣe bá Ọ̀gá, mo rí i bí wọ́n ṣe wo ilẹ̀. Ohun tí mo sọ, n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́, mo kábàámọ̀ rẹ̀ gan-an.

Mo wá wáṣà bàbà kan láti ara fílítà àlòkù, mo fi sí i, mo yọ afẹ́fẹ́, mọ́tò jí. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó jí. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, ó ń jí. Màmá bẹ Bọ̀dá Làmídì nínú ilé. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ lójú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Màmá kó àwọn obìnrin náà jọ, wọ́n sì sọ ọ́. Obìnrin tó ní kí ó ti mọ́tò lọ́jọ́sí, òun ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

Ọ̀gá kò bú mi. Wọ́n kàn ní kí n kó aṣọ mi. Mo gba abẹ́ àtíbàbà kan ní Alápẹ̀rẹ̀, mo ń tún mọ́tò dísù ṣe níbẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó bá kọjá máa ń pariwo bi mí pé ta ló fún mi ní fíríìdọ́ọ̀mù. Mo máa ń ní kí wọ́n bi mọ́tò tó wà níwájú mi.

Ìyá mi sunkún títí. Níkẹyìn Bàbá Àlàbá, káfíńtà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ọ̀gá, bá wa bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà kí n wá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní yàrá Ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí fún bí mo ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín lójú àwọn oníbàárà, pé ẹni tó tọ́ mi dàgbà kò yẹ fún irú rẹ̀ lẹ́nu mi. Òótọ́ inú mi ni.

Ọ̀gá ní, "Mo ti gbọ́ ti ẹnu. Ó ku ti awọ. Sọ pé kì í ṣe awọ ló ṣe é, kí n sì dá ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù rẹ."

Bàbá Àlàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí mi. Wọ́n ní, "Sọ ọ́, ọmọ mi, ká lọ jẹun. Ta ni awọ máa fẹjọ́ sùn?"

Mo ronú kan Bọ̀dá Làmídì. Bí kì í bá ṣe awọ, a jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe é nìyẹn, gbogbo Ìkòsì sì mọ ẹni tí wọ́n á tún padà wò.

Mo ní, "Ọ̀gá, awọ ni."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ inú lọ. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí Bàbá Àlàbá fi ní kí n dìde. Bí Ọ̀gá bá tún ránṣẹ́ pè mí lọ́la, n óò lọ. N óò tún dọ̀bálẹ̀, n óò tún tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá sì tún bi mí, awọ náà ni n óò sọ.