Àgádágodo Lára Táńkì Gáàsì

Ọjọ́ tí wọ́n fa karafáànì Dókítà padà wá sí ṣẹ́ẹ̀dì wa, èmi ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ nàka sí. Mo pọn Tọ́pẹ́ sẹ́yìn, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ara géètì kan. Ara karafáànì yẹn ti dúdú láti ìdí táńkì gáàsì dé ojú fèrèsé. Dókítà kò tíì sọ ju "Ẹ wá wò ó" lọ tí ọ̀gá fi ní, "Òun nìyẹn. Ìyá Tọ́pẹ́ ló gbé táńkì yẹn kalẹ̀. Iṣẹ́ fíríídọ̀mù rẹ̀ ni."

Òótọ́ ni. Ibi tó dùn mí jù nìyẹn, pé òótọ́ ni.

Iṣẹ́ jórinjórin ni mo kọ́, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, lẹ́yìn tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì tí kò sí ọ̀nà àtitẹ̀síwájú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ́ aṣọ rírán àti irun ṣíṣe. Èmi fẹ́ràn iná. Màmá mi sunkún títí. Nínú gbogbo àwọn tí a lọ bá, Ọ̀gá Lásún nìkan ló gbà mí, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn: ó kọ́ mi dáadáa. Òun ló sọ fún mi pé ojú wẹ́dà, ìyẹn ibi tí irin méjì ti yọ́ pọ̀ mọ́ra, dà bí ìkọ̀wé. Kò sí ẹni méjì tí tiwọn jọra. Tèmi máa ń tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Tiẹ̀ máa ń wú, á sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni.

Ó tún kọ́ mi ní òfin ṣẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ tó bá ti jáde lábẹ́ òrùlé ọ̀gá, iṣẹ́ ọ̀gá ni. Bí oníbàárà bá yìn ín, ọ̀gá ló yìn. Bí ó bá bú u, ọ̀gá náà ló bú. Ọmọṣẹ́ kò lórúkọ títí yóò fi gba fíríídọ̀mù, ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbàdúrà fún un níwájú ẹgbẹ́, tí òun náà á wá lọ dá ṣẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ sílẹ̀. Mo fara mọ́ òfin yẹn. Nígbà tí mo lóyún, tí bàbá Tọ́pẹ́ gba Èkó lọ tí kò wẹ̀yìn wò, fíríídọ̀mù yẹn nìkan ni mo gbójú lé. Mo fẹ́ dá dúró kí ọmọ mi tó mọ ohun tí ń jẹ́ ebi.

Olùkọ́ ní yunifásítì ni Dókítà. Ẹ̀kọ́ nípa àpáta ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì máa ń kó wọn lọ sùn nínú igbó níbi tí àpáta wà. Ó sú u láti máa sùn sí kíláàsì ilé-ìwé abúlé, ló bá ra ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kan tó ti kú, ó ní kí a sọ ọ́ di ilé kékeré tí mọ́tò máa fà: bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé, ibi ìdáná lẹ́yìn. Karafáànì ló ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní pósí onítáyà.

Nígbà tí ọ̀gá pín iṣẹ́, ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ìwọ lo máa gbé táńkì gáàsì kalẹ̀. Bí ó bá dúró dáadáa, a máa ṣe fíríídọ̀mù rẹ kí ọdún tó parí."

Mo rò ó bí ẹni ń ro orúkọ ọmọ. Ọ̀nà inú igbó kì í ṣe ojú títì. Táńkì tí kò bá dúró ṣinṣin á máa jó lórí irin, rọ́bà á já. Ìta ni mo gbé e sí, níwájú, lórí apá irin tí mọ́tò fi ń fà á, kó má bàa sí níbi tí èèyàn ń sùn. Mo fi irin ṣe ìjókòó fún un, mo sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí gáàsì tó bá jò kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń wá. Bí ìsàlẹ̀ bá dí, á sápamọ́ síbẹ̀, á máa retí iná. Mo gé táyà àtijọ́ tẹ́ ìdí rẹ̀ kí irin má bàa máa họ irin. Mo wá fi bẹ́líìtì irin dì í láyà lókè àti nísàlẹ̀, mo fi bóòtù dè é mọ́ férémù. Nọ́ọ̀tì elétí ni mo lò, irú èyí tí èèyàn ń fi ìka yí láìwá sípánà. Ọ̀gá dì í mú, ó mì ín jìgìjìgì, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó tì í. Kò yẹ̀.

Ìyá Ṣadé tó ń bá wọn se oúnjẹ nínú igbó wá wo ibi ìdáná rẹ̀. Ọmọ Ìrẹmọ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, táńkì yìí ò ní fò lù mí báyìí?"

"Kò ní fò, mà."

"Bí iná bá sọ ńkọ́?"

"Ẹ na ọwọ́ yín síbí, mà. Ẹ yí ẹnu táńkì yìí. Ó ti kú nìyẹn."

Ó yí i, ó yí i padà, ó tún yí i. Ó ní, "Ọkọ mi ì bá ní irú eléyìí lẹ́nu."

Ọjọ́ tí mo gbé Tọ́pẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni Dókítà wá wo iṣẹ́. Wọ́n ti jí táńkì rẹ̀ kan rí ní Ìpetumodù, ẹ̀rù olè sì ń bà á. Ọ̀gá ní kò sí wàhálà. Nígbà tí mo dé, àkámọ́ irin ti bo táńkì mi látòkè délẹ̀. Àwọn ọ̀pá rẹ̀ sún mọ́ra pinpin, àgádágodo ńlá sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́?"

"Ta ló ni táńkì? Dókítà ni."

"Ìyá Ṣadé ló ń dáná, sà. Dókítà á wà lórí àpáta."

"Kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe? Àbí ó fẹ́ jí i ni?" Àwọn ọmọṣẹ́ yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ ò lè dé ẹnu táńkì tí wọ́n ti ń pa gáàsì, sà. Ẹ jẹ́ kí n gé ojú kékeré kan síbẹ̀."

"Ojú tí ọwọ́ rẹ bá gbà wọ̀, ọwọ́ olè náà á wọ̀ ọ́. Lọ fún ọmọ lọ́mú."

Mo lọ fún ọmọ lọ́mú.

Òun nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Olè nìkan là ń rò bí a bá ń kọ́lé ní ìlú wa. A ó fi irin di fèrèsé, a ó fi irin di ilẹ̀kùn, a ó wá wọ inú rẹ̀ sùn, a ó sì ju kọ́kọ́rọ́ síbi tí a ò ní rántí. Àwọn fèrèsé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́.

Nínú igbó lọ́hùn-ún, rọ́bà tó wọ inú sítóòfù là, iná sì sọ. Ìyá Ṣadé sáré lọ síwájú, ó na ọwọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Irin ni ọwọ́ rẹ̀ bá. Ó gbé ọmọ odó, ó fi na àgádágodo, kò já. Iná ń gba ara ògiri bọ̀, òun náà sì ń fi ipá ti ọwọ́ bọ àárín ọ̀pá títí ọwọ́ fi há. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń da yẹ̀pẹ̀ sí ohun tó ń jó títí Dókítà fi sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Táńkì kò bẹ́. Ọwọ́ Ìyá Ṣadé méjèèjì ló jó.

Dókítà mú ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ jórinjórin. Alága wọn, bàbá arúgbó kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, wá sí ṣẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló gbé táńkì kalẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n àkámọ́ yẹn kì í ṣe tèmi."

Ọ̀gá ní, "Iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń fọhùn?"

Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú wẹ́dà àkámọ́ náà. Ó wú, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi ìka kan náà tọ tèmi nísàlẹ̀, tó tò bí ìpẹ́ ẹja. Ó gbójú sókè wo ọ̀gá mi, ọ̀gá mi ń wo ilẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Alága nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní, "Ọmọ kì í bá ọ̀gá rẹ̀ rojọ́. Kúnlẹ̀, bẹ̀ ẹ́. Wàá tún sìn ín fún ọdún kan sí i, ká tó wá sọ̀rọ̀ fíríídọ̀mù."

Kò sẹ́ni tó rántí òfin ṣẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí géètì mi ń wu èèyàn, ọ̀gá ló ṣe é. Nígbà tí ọwọ́ obìnrin jó, mo wá di ẹni tó lórúkọ.

Ọmọ wà lẹ́yìn mi. Mo kúnlẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ kejì, ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo lọ sí Ìrẹmọ. Ṣadé ń fi ṣíbí fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀kọ mu, nítorí aṣọ funfun ni wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, "Táńkì rẹ dúró. Mo fi gbogbo ara tì í, kò mì."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"O ní kí n na ọwọ́ síbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo nà án."

Ó wá ní kí Ṣadé bu ẹ̀kọ fún Tọ́pẹ́ náà.

Mo sin ọdún yẹn pé. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ya fọ́tò. Mi ò gbé e kọ́ sára ògiri. Mo ní ṣẹ́ẹ̀dì tèmi báyìí, Tọ́pẹ́ sì ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi àgádágodo há táńkì gáàsì mọ́, mo máa ń kọ̀ ni. Wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, á bá wọn ṣe é. Ojú wẹ́dà rẹ̀ wà káàkiri ìlú.

Láìpẹ́ yìí ni mo tún rí ọ̀kan ní Ẹnuwá. Obìnrin kan ń din búńsì lórí ọmọlanke, táńkì gáàsì rẹ̀ wà nínú àkámọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka tọ irin náà. Ó wú, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kọ́kọ́rọ́ eléyìí ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ baálé mi. Ó lọ sí Ìpetumodù."

Mo ní kó pa sítóòfù ná. Mo yọ ayùn irin nínú báàgì mi, mo gbé e lé ọrùn àgádágodo.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Bí olè bá gbé e lọ ńkọ́?"

"Kó gbé e lọ, mà."

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Ta ló rán ọ sí mi?"

Mo ní, "Ìyá Ṣadé ni."