Sáfà Wa, Màmá àti Súìṣì Ọ̀hún

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó sọ mí di oníbìínú, ẹ lọ bi sáfà ilé ìwé wa l'Adó. Kọ̀ǹpútà àgbà kan tó ti gbó ni, inú rẹ̀ ni fáìlì èsì ìdánwò gbogbo ọmọ tó ti jáde wà. Èmi ni mò ń tún fáìlì náà ṣe bó bá bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ kan kì í sì í lọ kó má bàjẹ́. Ó sú mi!

Ẹni tó ń bà á jẹ́ ò fara sin. Iná ìjọba tó dé lójijì ti jó ṣọ́ọ̀bù Màmá, tó jẹ́ ọ̀gá wa, rí. Látìgbà náà, bó bá ti di aago mẹ́rin, wọ́n á pa súìṣì ńlá, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa fáìlì dé ná!"

"Iná ò ní jó ulé yìí lójú mi o. Lọ jẹun."

Gbogbo èsì tá a bá tẹ̀, wọ́n á tún fi bírò dà á kọ sínú ìwé gígùn kan. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ayé ti lajú o." Wọ́n á ní, "Ojú kọ̀ǹpútà yín ni ò tíì là."

Lọ́jọ́ Tuesday kan, ọmọbìnrin kan gun ọ̀kadà wá láti Ìjàn. Òjò ti ba èsì rẹ̀ jẹ́, ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì sì fẹ́ rí i kó tó di aago méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Mo ní kí n ṣí fáìlì, ó kọ̀.

"Màmá! Ẹ ti tún bà á jẹ́!"

Inú bí mi débi pé mi ò ṣe ẹ̀dà fáìlì náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ohun tí mo ń kọ́ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Fáìlì ṣí lóòótọ́, àmọ́ ìlà orúkọ ọmọ náà ti pa rẹ́. Mo wá a títí. Kò sì sí ẹ̀dà tí mo lè padà sí.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò rí i ni?" Ó ti ń sunkún.

Màmá ti ṣí ìwé gígùn wọn. Wọ́n rí orúkọ rẹ̀, wọ́n ń pe máàkì fún mi, mo ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n lu òǹtẹ̀. Aago kan ti kọjá dáadáa kí ọmọ náà tó sáré bọ́ sórí ọ̀kadà.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo pa orúkọ ẹ̀ rẹ́."

"Mo mọ̀. Mo ń wò ọ́. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀."

Nígbà tó di aago mẹ́rin, wọ́n dìde lọ síbi súìṣì, wọ́n wojú mi. "Ṣé o ti pa fáìlì ẹ dé?" Wọn ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti pa á.

Mi ò pariwo. Mo bi wọ́n ibi tí wọ́n ti ń ra ìwé gígùn yẹn.