Iná Mẹ́rin ti Reino Lahti

Bí wọ́n bá ń ka àwọn amọ̀túnṣe lágbègbè wa létí adágún ńlá Superior ní Àríwá Amẹ́ríkà, Reino Lahti ni yóò kọ́kọ́ nawọ́. "Kò sóhun tí mi ò lè tún ṣe," ni ó máa ń wí, "àfi èyí tí mo bá ti tún ṣe rí."

Láti ìgbà tí kíndìnrín Helmi ìyàwó rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ní í wá gbé e ní títì lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìjọba ní í kó yìnyín títì. Ọ̀nà inú igbó láti ilé dé títì, ti Reino ni. Bí kò bá là á, Helmi ò ní débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi ra irin ìtìyìnyín tuntun síwájú ọkọ̀ rẹ̀. Irin náà ga, ó ń bo iná ọkọ̀, nítorí náà iná méjì mìíràn wà lókè rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní kí wáyà iná gba inú àpótí kékeré kan kọjá. Bí irin bá wà níwájú, àpótí á tan tòkè, á pa tìsàlẹ̀. Reino wo àpótí, ó yínmú.

"Iná ni mo fẹ́, mi ò wá alágàta."

Ó so wáyà mọ́ wáyà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn yòò. Ó pe Helmi wá wò ó, ó sì tètè paná kó lè padà wọlé, kí òtútù má baà mú un. "Méjì ni tàwọn aládùúgbò," ó ní. "Mẹ́rin ni tìrẹ." Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ ìfọ̀jẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìjì yìnyín dé, ọ̀sán ṣú bí alẹ́. Reino gbé Helmi sínú ọkọ̀, ó tan iná. Tìsàlẹ̀ kọlu ẹ̀yìn irin, ó ta padà sí i lójú. Kò rọ́nà, kò rígi. Kó tó bú ara rẹ̀ tán, fíúsì jó, torí wáyà tí wọ́n ṣe fún iná méjì ti ru mẹ́rin. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà jó. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn kì í dúró pẹ́.

"Helmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣera mi. Òmùgọ̀ ni mí, òmùgọ̀ tó tún ní irinṣẹ́."

"Ṣé òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Bọ́ọ́lẹ̀, gbé tọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo máa wà á."

Bẹ́ẹ̀ ni Reino ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú yìnyín tó dé orúnkún, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, irin ń lé e ní gìgísẹ̀.

"Yára, iná!" Helmi ń pariwo. "Ìwọ lò ń fà wá sẹ́yìn!"

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ṣì wà ní títì. Darrell tó ń wà á yọ orí síta. "Bàbá Lahti, wọ́n ní ẹ ti so iná tuntun?"

"Èmi ni iná náà," Reino ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mi ò lo fíúsì."

Helmi wọ ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ó ṣíjú wò ó. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan títí mo fi máa dé."

Reino jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀ tó ṣókùnkùn, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Àdúrà ló ń gbà, ẹni tí kì í gbàdúrà. Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn padà yọ, ó ti bọ́ọ́lẹ̀, ó ti gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, ó ti dúró síwájú irin kí Helmi tó la ẹnu.