Abẹ́rẹ́ àti Bátìrì Tó Ń Darúgbó

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ tí ara rẹ̀ kì í ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò bí àwọn bátìrì lítíọ́mù ńláńlá tó ń tọ́jú iná oòrùn ṣe ń darúgbó. Nínú yàrá àyẹ̀wò tó gbóná bí ààrò, wọ́n á ṣáàjì bátìrì kó kún, wọ́n á lò ó gbẹ, wọ́n á tún ṣáàjì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ á wá fi kọ̀ǹpútà fa ilà tó ń sọ iye iná tí bátìrì ṣì máa lè gbà lọ́jọ́ iwájú. Díẹ̀díẹ̀ ni ilà tirẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, bíi pé bátìrì á pẹ́ kó tó kú. Ó dùn mọ́ ọ̀gá, torí ó ń dùn mọ́ oníbàárà.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ò fẹ́ rí imí ara wọn láàtàn. Nílé, Abẹ́rẹ́ kì í pè é ní ìwọ, torí wọ́n ti bí i kí òun tó délé ọkọ. Níbi iṣẹ́, ó ti gbé ìyẹn jù sígbó.

Lọ́jọ́ ìpàdé kan, ọkùnrin náà dìde.

"Ìyàwó wa, ilà rẹ yìí máa ṣẹ́. Tí bátìrì bá pẹ́ nínú ooru, inú rẹ̀ á dí. Kò ní rọra máa lọ sílẹ̀ mọ́, agbára rẹ̀ á kàn já wálẹ̀ ni."

"Ibí kì í ṣe ilé ìyá rẹ," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Àgbá òfìfo, jókòó!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí ọkùnrin náà lọ máa to páálí nílé ìkẹ́rùsí. Ọkọ Abẹ́rẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó bá àbúrò òun sọ̀rọ̀.

"Kí n sọ kí ni fún un?" Ó kẹ́yìn sí i.

Nígbà tó yá, agbára bátìrì kan nínú àpótí àyẹ̀wò tó gbóná jù já wálẹ̀ lójijì. Abẹ́rẹ́ bú ẹ̀rọ ìwọ̀n, ó pààrọ̀ wáyà, ó lé agbálẹ̀ jáde. Òmíràn tún já, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣìṣe nìkan kọ́ ló ń dùn ún; ẹni tó ti sọ ọ́ ṣáájú ló dùn ún wọ egungun.

Ó tọ ọ̀gá lọ.

"Ilà mi ò dáa. Ẹ jẹ́ ká kìlọ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí tó ra tiwa. Yàrá tí wọ́n gbé e sí gbóná."

"A ti tà á. Panu mọ́."

Lójú ọ̀gá níbẹ̀, Abẹ́rẹ́ gbé fóònù, ó pe olórí àwọn agbẹ̀bí. "Ẹ má fọkàn tán bátìrì yẹn mọ́, mà. Ẹ wá òmíràn sílẹ̀ kó tó dá yín lágara."

"Gbé báàgì rẹ," ni ọ̀gá wí. "Má padà wá."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Ó bá ilà tuntun tí Abẹ́rẹ́ ti ń tún fà nínú kọ̀ǹpútà, ó parí rẹ̀, ó pè é ní tirẹ̀.

Wọ́n pàdé nílé ìyá ọkọ.

"Ìyàwó wa, ṣé mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́?"

"O sọ ọ́. Àmọ́ o ò mọ ìgbà tó máa ṣẹ́. Èmi ni mo ṣírò ìyẹn, olè!"

Ìyá wọn kígbe pé kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́.

Abẹ́rẹ́ ti ríṣẹ́ báyìí níbi tí wọ́n ti ń yẹ ògbólógbòó bátìrì wò, kí wọ́n tó tún wọn tà. Àwọn agbẹ̀bí ti gbé bátìrì tuntun sí yàrá tó tutù. Tí ọkọ rẹ̀ bá ní, "Àbúrò mi kí ẹ o," Abẹ́rẹ́ á yí rédíò sókè.