Bàtà Tó Ń Yẹ Òpó Wò

Ẹ bá mi kí bàtà ọ̀gá mi kú iṣẹ́, bàtà dúdú tó ń kọ mọ̀nà, tó gbọ́n ju gbogbo ìwé ìṣirò lọ. Ẹnjinníà ni ọ̀gá ní Port Harcourt. Òun ló ń sọ bóyá òpó irin ilé iṣẹ́ lè gbẹ́rù. Á ta òpó nípàá, á tẹ́tí sí i, á fi aṣọ ìnujú nu bàtà, á ní, "Irin kì í purọ́ fún mi."

Lọ́jọ́ kan ní Rumuokoro, a fẹ́ so ẹ̀rọ ńlá kan kọ́ irin àjà tí òpó kan gbé dúró. Jórinjórin wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdí òpó yìí ti dípẹtà. Ẹ jẹ́ ká jó irin mìíràn mọ́ ọn."

Ọ̀gá fọ́ ọ létí. "You sabi pass me? Olórí ẹja!" Ó ta òpó nípàá, ó ní ká máa gbé ẹ̀rọ náà sókè.

Ẹ̀rọ ò tíì kúrò nílẹ̀ dáadáa tí òpó fi ká. Irin àjà wó lu jórinjórin, ó rún itan rẹ̀ wómúwómú. Bó ṣe ń ké, àwọn òṣìṣẹ́ ya bo ọ̀gá, wọ́n lù ú títí eyín rẹ̀ fi ká sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan èmi, igbákejì rẹ̀. Kí ọ̀gá tó dé láàárọ̀ yẹn, èmi náà ti ta òpó yẹn nípàá, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dára.